Bí wọ́n ṣe ń ki Vishnu ní ẹgbẹ̀rún orúkọ

Orúkọ 1000 ló wà nínú Vishnu Sahasranama, oríkì Vishnu, òrìṣà ńlá àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù; ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa yóò sì parí kíkì rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Inú Mahabharata, ewì ìtàn ogun àtijọ́ ilẹ̀ India, ló wà: Bhishma, àgbà jagunjagun, dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ọfà lójú ogun Kurukshetra, ọba Yudhishthira ń bi í ní ìbéèrè, bàbá àgbà sì ki Vishnu fún un. Ó tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe rán àwọn orúkọ náà pọ̀ ló dùn jù.

Sílébù 32 ni ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́jọ mẹ́jọ. Orúkọ gùn jura wọn lọ, àyè ò sì lè fẹ̀ sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Vishvam Vishnur Vashatkaro." Orúkọ mẹ́ta rèé nínú sílébù mẹ́jọ. Orúkọ kan ṣoṣo ló gbé mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e: "Bhutabhavyabhavatprabhuh", olúwa àná, ọ̀la àti òní. Ìdí orúkọ sì ń yí padà nítorí èyí tó tẹ̀ lé e: Vishnuh di Vishnur, bí "kà" àti "ìwé" ṣe ń di "kàwé" lẹ́nu wa. Ojú rírán á wá pòórá, débi pé àgbà atúmọ̀ méjì, Shankara àti Parashara Bhattar, kò gé orúkọ síbi kan náà jálẹ̀. Orin ló jẹ ẹni tó to ẹsẹ yìí lógún ju kíkà lọ, ó sì hàn.

Níbi ìsìn archana, wọ́n á tú u palẹ̀ padà: Om Vishvasmai namah, Om Vishnave namah. Orúkọ kan, ewé tulsi kan lẹ́sẹ̀ ère. (Ìbátan efinrin wa ni tulsi.)

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bíni nínú: pé ẹgbẹ̀rún ò pé, torí orúkọ ń tún ara wọn sọ. Lóòótọ́, Vishnu jáde ní ipò 2, 258 àti 657. Ṣùgbọ́n ta ló ń ki Àjàní tí wọ́n sọ fún pé ó ti pè é tẹ́lẹ̀? Àjàní tí ìyàwó ilé fi ń jí ọkọ láàárọ̀, Àjàní tó fi pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ tó ti ìrìn àjò dé, Àjàní tó fi sunkún rẹ̀, kò sí èyí tó jọ ìkejì níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Shankara túmọ̀ rẹ̀: àkọ́kọ́, ẹni tó kún inú ohun gbogbo, ìkejì, ẹni tó gbẹ́sẹ̀ gba ayé kọjá, ìkẹta, ẹni tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bo ọ̀run òun ayé. Ibi tí òun àti oríkì wa ti yàtọ̀ ni pé akéwì wa lè fo ìlà kan, kó fa òmíràn gùn bí owó bá ń wọlé. Sahasranama ò gba ìyẹn.

Parvati bi ọkọ rẹ̀, òrìṣà Shiva, ní ọ̀nà tó rọrùn láti ki ẹgbẹ̀rún orúkọ yìí, Shiva ní kí wọ́n máa pe Rama, ọ̀kan nínú orúkọ Vishnu. Àwọn kan wá ṣírò rẹ̀: nínú ìtò lẹ́tà Sanskrit, "ra" ni ìkejì ní ìlà tirẹ̀, "ma" ni ìkarùn-ún ní tirẹ̀. Méjì lọ́nà márùn-ún, mẹ́wàá. Pe Rama lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá: 1000 géérégé.