Ìjẹ tó wà ní c4

Nínú ayò chess, funfun ló ń kọ́kọ́ ta. Ojú ilé kọ̀ọ̀kan lórí ọpọ́n ló ní orúkọ bíi c4: lẹ́tà ń sọ òpó, nọ́ńbà ń sọ ìlà. Bó bá ti pọ́ọ̀nù (ọmọ ayò kékeré) iwájú ayaba rẹ̀ sí d4, tí dúdú sì fi tirẹ̀ dí i ní d5, funfun lè ti òmíràn sí c4. Ìbẹ̀rẹ̀ eré tí wọ́n ń pè ní Queen's Gambit nìyẹn. Kò sí ohun tó ń ṣọ́ pọ́ọ̀nù c4 náà. Ìjẹ ni: bí pọ́ọ̀nù d5 bá lọ jẹ ẹ́, àárín ọpọ́n á ṣófo, ọ̀nà e4 á sì là fún funfun.

Jíjẹ ẹ́ kò burú. Rírọ̀ mọ́ ọn ló burú. Bí dúdú bá jẹ, funfun á ta e3, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á sì kọjú sí c4. Ojúkòkòrò á wá mú kí dúdú ta b5, kó lè ṣọ́ pọ́ọ̀nù tó jẹun. Funfun á ta a4, dúdú á fi c6 ti b5 lẹ́yìn. Pọ́ọ̀nù a á jẹ b5, pọ́ọ̀nù c á jẹ ẹ́ padà. Àfi wùyà, ayaba funfun bọ́ sí f3! Ọ̀nà ti là gbọnrangandan láti ibẹ̀ dé ilé-ìṣọ́ dúdú ní a8. Ẹṣin tàbí bíṣọ́ọ̀bù tí dúdú bá fi dí i, ayaba á gbé e mì. Nítorí náà, ọ̀jáfáfá tó bá jẹ c4 kì í bá a jà sí i. Ó ń lo àsìkò yẹn láti kó ọmọ ayò rẹ̀ jáde ni.

Ẹni tí kò bá fẹ́ jẹ á ta e6. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, àmọ́ e6 yìí ti ilẹ̀kùn mọ́ bíṣọ́ọ̀bù c8. Wàhálà bíṣọ́ọ̀bù yẹn kì í tán bọ̀rọ̀. Nígbà tí Alekhine gba oyè àgbáyé lọ́wọ́ Capablanca ní Buenos Aires lọ́dún 1927, 32 nínú eré 34 ló gba ọ̀nà yìí. 25 nínú gbogbo eré náà ló sì parí sí ọ̀mì.

Ní Reykjavik, lọ́dún 1972, nígbà tí Fischer ń bá Spassky du oyè àgbáyé, Fischer tó fẹ́ràn láti fi e4 bẹ̀rẹ̀ jù lọ yà sí Queen's Gambit nínú eré kẹfà. Spassky tó di dúdú mú rí ọ̀nà gbé bíṣọ́ọ̀bù c8 rẹ̀ jáde sí e6, ṣùgbọ́n pọ́ọ̀nù c àti d rẹ̀ kò ní aládùúgbò tó lè ṣọ́ wọn mọ́. Ibẹ̀ ni Fischer dojú kọ. Ní ìta kọkànlélógójì, Spassky jọ̀wọ́ eré, ó sì bá èrò pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó nà án.