"Ẹ Ti Ibo Bọ̀?": Àlàyé lórí Ewu Àìsàn Arìnrìn-àjò

Bí ibà bá mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn-àjò dé, ohun tí dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń tètè bi í ni pé, "Ẹ ti ibo bọ̀?" Ìbéèrè yìí ni gbòǹgbò ohun tí à ń pè ní ewu àìsàn arìnrìn-àjò, ìyẹn ni bí ó ṣe rọrùn tó fún àìsàn kan pàtó láti mú ènìyàn nítorí ibi tí ó lọ, ìgbà tí ó lọ, àti irú ara tí ó gbé lọ.

Lọ́dún 2006, àwọn oníṣègùn inú àjọ GeoSentinel, tó ń tọpa àìsàn àwọn arìnrìn-àjò, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn arìnrìn-àjò tí ó lé ní 17,000 tí wọ́n gbé àìsàn bọ̀. Lára àwọn tó ti apá gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, ibà málaríà ló gbawájú. Lára àwọn tó ti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà bọ̀, ibà dengue, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri bíi ti málaríà, pọ̀ ju málaríà lọ. Ìgbẹ́ gbuuru sì wọ́pọ̀ lára àwọn tó lọ sí agbègbè Íńdíà.

Ẹ̀fọn nìkan tó láti fi hàn wá bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Òru ni ẹ̀fọn tó ń gbé málaríà kiri máa ń jẹni, nítorí náà ni àwọ̀n ẹ̀fọn fi wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó ń gbé dengue, èyí tí ara rẹ̀ dúdú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní ìlà funfun, ojúmọmọ ló ń jẹni, inú omi tó dúró sínú táyà àlòkù tàbí àwo abẹ́ ìkòkò òdòdó ló sì ń yé sí. Ará Èkó tó lọ sí Salvador ní Bàhíà, ní Bràsíìlì, tí ó gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀n òru nìkan, ẹ̀yìnkùlé ló tì, ó ṣí ojúlé sílẹ̀. Lọ́dún 2024, iye àwọn tí wọ́n fura sí pé dengue mú ní Bràsíìlì ju mílíọ̀nù 6 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni igbó Amasọ́nì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ilé gbogbo málaríà orílẹ̀-èdè náà.

Ẹ̀fọn ọ̀sán yìí kan náà, tó tún lè gbé ibà apọ́njú (yellow fever) kiri, wà ní Íńdíà, ṣùgbọ́n ibà apọ́njú kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń béèrè yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ìdènà ibà apọ́njú, gidigidi lọ́wọ́ ẹni tó ti Nàìjíríà bọ̀: wọn kò fẹ́ kí a gbé kòkòrò àrùn wá bá ẹ̀fọn tó ti wà nílẹ̀. Káàdì náà kì í ṣiṣẹ́ àfi lẹ́yìn ọjọ́ 10 tí a gba abẹ́rẹ́.

Àwọn tó tilẹ̀ ń ká mi lára jù ni àwọn ènìyàn wa tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù wálé. Ọ̀pọ̀ málaríà tí wọ́n ń rí ní Bìrìtìkó, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti gbé e wá, ara àwọn tó lọ kí ẹbí ni ó sì pọ̀ sí jù. Wọ́n ń sọ pé, "Ṣebí ilé ni mò ń lọ." Agbára tí ara fi ń kojú málaríà, jíjẹ tí ẹ̀fọn ń jẹni lọ́dọọdún ló ń fún un lókun, bí a bá kúrò nílé fún ọdún mélòó kan, ó ń dín kù, ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù kò sì ní in rárá. Bí ìyá àgbà bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ n'Ìbàdàn lálẹ́, ẹ̀fọn kan náà lè jẹ àwọn méjèèjì. Ti ìyá àgbà lè má ju orí fífọ́ lọ. Ní ọjọ́ 12 lẹ́yìn náà, ọmọ ń gbọ̀n ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyá rẹ̀ rò pé òtútù ni, ó fún un ní parasẹ́tamọ́ọ̀lù, irú málaríà tó wọ́pọ̀ nílé wa sì lè pànìyàn láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Oògùn tí a fi ń dènà rẹ̀ kì í tán lọ́jọ́ tí ọkọ̀ òfuurufú bá balẹ̀: bí ó bá jẹ́ Malarone ni, a gbọ́dọ̀ lò ó fún ọjọ́ 7 sí i, bí ó bá sì jẹ́ doxycycline ni, a gbọ́dọ̀ lò ó fún ọ̀sẹ̀ 4 sí i. Bí ibà bá sì mú ọmọ láàárín ọdún kan tí wọ́n padà, kí ìyá sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn pé Ìbàdàn ni àwọn ti bọ̀, kí ó dárúkọ ọjọ́ tí wọ́n dé, kí ó sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò lọ́jọ́ náà gan-an.