Bí Ẹni Tó Ni Ibi Ìyangàrí Ṣe Lè Dáàbò Bo Ọ̀dọ́langba Tó Gbà Síṣẹ́

Gàrí Ìjẹ̀bú máa ń kan nítorí pé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin pẹ́ nínú àpò kí wọ́n tó kù ú, kí wọ́n sì tó yan án. Iṣẹ́ náà fẹ́ ọwọ́ púpọ̀, àwọn ọ̀dọ́langba sì máa ń wà nídìí rẹ̀, pàápàá nígbà tí ilé-ìwé bá wà ní ìsinmi. Ẹni tó bá gbà wọ́n síṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìkìlọ̀ nìkan kò tó: bí a bá ṣe ṣètò ibi iṣẹ́ ni ọmọ yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ ewu.

Ìdí ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ni ewu ti pọ̀ jù. Bí ohunkóhun kò bá bo bẹ́líìtì tó so ẹ̀rọ náà mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó lè fa etí aṣọ tàbí irun gígùn mọ́ra kí ẹnikẹ́ni tó rí ẹ́ńjìnnì pa. Bí ẹ̀gẹ́ bá sì há sẹ́nu ẹ̀rọ, ọwọ́ ni ọmọ tó ń kánjú yóò fi tì í. Abala 59 Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ka iṣẹ́ ẹ̀rọ léèwọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 16, kò sì gbà kí ó ṣiṣẹ́ ju wákàtí 4 lọ láìsinmi, tàbí ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Àgbà ni kó máa dúró ti ẹ̀rọ, kí wẹ́dà fi irin bo bẹ́líìtì, kí igi tí a ó fi máa ti ẹ̀gẹ́ sì wà nítòsí. Owó tí wẹ́dà yóò gbà kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ọmọ kan.

Ewu ti orí agbada kì í tètè hàn sójú. Oró sáyánáídì wà nínú ẹ̀gẹ́. Rírin ń tú u sílẹ̀, omi tó ń ṣàn lára àpò ń gbé apá kan lọ, iná agbada sì ń lé lára èyí tó kù sínú afẹ́fẹ́, níbi tí òun àti èéfín igi ti ń pàdé. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ gba inú àgọ́ náà kọjá, kí ẹnu ààrò kọjú síta, kí àwọn tó ń yan gàrí sì máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í fiyè sí. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í bá àgbà jiyàn. Yóò kúnlẹ̀, yóò ní “Ó ti yé mi, mà,” nígbà tí kò tíì yé e. Kí ọ̀gá má ṣe gba ìdáhùn yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Kí ó ní kí ọmọ náà ṣe iṣẹ́ ọ̀hún lójú òun, kí ó sì fi hàn án pé ẹni tó bá wá sọ pé díẹ̀ ló kù kí nǹkan ṣe òun kò ní jẹ ìbáwí.

Bí iná bá jó ọmọ, omi tútù tó ń ṣàn ni kí wọ́n máa dà sójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Epo pupa tàbí ẹyin kò gbọ́dọ̀ kàn án.