Agboolé ẹ̀dá, kì í ṣe “iye ènìyàn labalábá”

Wọ́n tún fi iṣẹ́ ìtumọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí mo sì kọ́kọ́ bá pàdé nínú rẹ̀ ni “iye ènìyàn labalábá”. Iye ènìyàn labalábá! Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún gbólóhùn náà kà. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe òpè. Rédíò ló kọ́ ọ pé bí òyìnbó bá ti sọ population, “iye ènìyàn” ni ká fi dá a lóhùn, kò sì bi ara rẹ̀ bóyá ènìyàn ni gbogbo ohun abẹ̀mí. Nígbà tó fi máa dé orí metapopulation, ìyẹn orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ọ̀pọ̀ agbo irú ẹ̀dá kan náà tó ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn kan nínú wọn ń ti agbo kan dé òmíràn, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ: “iye ènìyàn tó ju iye ènìyàn lọ”. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò ka èyí tí kò ní rò pé ètò ìkànìyàn ni wọ́n ń sọ?

Àwọn kan wà tí wọn kì í da ara wọn láàmú rárá. Wọ́n á kọ “mẹtapọpuléṣọ̀n”, wọ́n á fi àmì sí i lórí, ó parí. Mi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà o. Kọ̀ǹpútà ti di tiwa, a kì í tún rántí pé àlejò ni. Àmọ́ àlejò tó bá wọlé, ó yẹ kó sọ ohun tó bá wá. Èyí wọlé, ó jókòó, kò sọ nǹkan kan. Olóòtú kan ti yọ ọ̀rọ̀ tèmi kúrò nínú iṣẹ́ kan rí, ó fi mẹtapọpuléṣọ̀n rọ́pò rẹ̀, ó ní èyí ló bá ti sáyẹ́ǹsì mu. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí.

Ọ̀rọ̀ tèmi ni agboolé ẹ̀dá.

Richard Levins, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó gbọ́ ìṣirò, tó sì ti ṣe àgbẹ̀ rí ní Puerto Rico, ló gbé èrò náà kalẹ̀ ní 1969. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ni pé agbo tí a fi àwọn agbo kọ́ ni. Kì í ṣe ẹ̀dá igbó tó ń kú lọ ló ń rò nígbà náà. Kòkòrò tó ń ba irè oko jẹ́ ni. Ó ń wá bí wọ́n ṣe lè ṣẹ́gun irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ní àgbègbè tó fẹ̀. Pé ìṣirò tí wọ́n fi ń wá ọ̀nà ìpakúpa ló padà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ní èdè tiwa, bí ẹ̀dá kan náà bá ń gbé ojú kan, tí wọ́n ń pàdé, tí wọ́n ń gùn, tí wọ́n ń bí, agbo ni wọ́n. Agbo ẹran, agbo ijó: gbogbo wa mọ̀ pé agbo ní ibi tó wà, a sì mọ̀ pé agbo lè tú. Iye kò lè tú. Ńṣe ni iye ń pọ̀ tàbí kó dín. Ilẹ̀ tí agbo kan lè gbé, tí oúnjẹ rẹ̀ wà níbẹ̀, mo pè é ní ojúlé. Tí ojúlé bá pọ̀, tí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ tàbí ìyẹ́ apá ṣì ń ti ọ̀kan dé òmíràn, agboolé nìyẹn. Agbo wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ilé wà nínú rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀dá rẹ̀, èdè ti ṣe é sílẹ̀ kí n tó dé. Ohun tó sì mú kí n dìrọ̀ mọ́ ọn ni pé a ti mọ̀, láìsí ẹni tó kọ́ wa, pé ojúlé kan lè ṣófo kí agboolé má tú.

Ẹ fi ojú inú wo agboolé kan láyé ìgbà tí kò tíì sí ìṣáná. Ààrò kan wà ní ojúlé kọ̀ọ̀kan. Kò sí ààrò tí iná rẹ̀ kì í kú: òjò lè pa á, igi lè tán, ẹni tó ń ṣọ́ ọ lè sùn lọ. Bí tìrẹ bá kú, wàá mú àpáàdì, wàá lọ bu ẹyín iná ní ojúlé kejì, iná á sì tún máa jó nílé rẹ. Lọ́jọ́ mìíràn ti ẹni tó fún ọ á kú, yóò wá bù ú lọ́dọ̀ rẹ. Kò sí ààrò kankan nínú wọn tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná rẹ̀ yóò ṣì máa jó ní ìwòyí ọdún tó ń bọ̀, síbẹ̀ iná kò tíì tán lágboolé yẹn láti ayé baba ńlá.

Ẹ̀dá ni iná náà. Àpáàdì ni labalábá tí atẹ́gùn gbé, ni ọmọ ẹranko tó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ni èso tí ẹyẹ gbé mì tó lọ yà síbòmíràn. Bí ojúlé bá jìnnà síra jù, ẹyín iná á kú sínú àpáàdì lójú ọ̀nà. Bí òjò kan ṣoṣo bá pa gbogbo ààrò lóru ọjọ́ kan náà, àpáàdì ò ní ibi tó ń lọ. Èyí tí ojú kì í tètè rí ni kí ẹnì kan máa wó àwọn ààrò tí iná wọn ti kú, kó máa sọ pé, “Kò kúkú sí iná níbẹ̀.”

Levins fi ìlà kan ṣoṣo kọ gbogbo èyí. Ẹ pe ìyára tí iná fi ń kú ní e, ẹ pe ìyára tó fi ń ràn ní c. Nígbà tí nǹkan bá dúró sójú kan, ìdá ojúlé tí ẹ̀dá wà jẹ́ 1 − e/c. Ẹ fi 0.2 sí e, ẹ fi 0.5 sí c: e/c di 0.4, ó ku 0.6. Nínú 100 ojúlé, ẹ̀dá wà ní 60, 40 ṣófo, kì í sì í ṣe 40 kan náà lọ́dọọdún. Wọn ò ṣófo nítorí pé nǹkan kan bà jẹ́ níbẹ̀. Bí agboolé ṣe ń mí nìyẹn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wó 50 nínú 100 náà. Ẹni tó ń fi “iye” ronú á ní ojúlé 30 ló máa kù tí ẹ̀dá wà, nítorí ìdajì 60 ni 30. Rárá o. 10 ni. Nínú ìṣirò yìí, 40 ni yóò ṣáà máa ṣófo, ẹ̀dá ló ń ru gbogbo àdánù. Tí a bá wá wó 60 ńkọ́? 40 ló kù, 40 tó dára, tí koríko rẹ̀ pé, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, ẹ̀dá náà yóò sì tán pátápátá. Kò ní jẹ́ lọ́jọ́ náà. Yóò ṣì máa fò kiri fún ọdún bíi mélòó kan, àwọn olùṣọ́ ọgbà á máa yà á ní fọ́tò, nígbà tó jẹ́ pé ó ti kú tán, kò kàn tíì ṣubú ni. Ní 1994 ni David Tilman àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ pe èyí ní gbèsè ìparun. Ọ̀rọ̀ yẹn kò fún mi níṣòro láti túmọ̀ rárá. Kò sí ẹni tí gbèsè ṣàjèjì sí.

Akẹgbẹ́ mi kan wà tí àwa méjèèjì ti jọ ń fa ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún mẹ́ta. Ó ní “erékùṣù ẹ̀dá” ló yẹ ká máa wí. Mo mọ ibi tó ti rí i. Ní 1967 ni Robert MacArthur àti Edward Wilson ṣàlàyé ohun tó ń pinnu bí irú ẹ̀dá tó wà lórí erékùṣù kan ṣe máa pọ̀ tó, ìrònú méjèèjì sì jọra bí ìbejì. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ MacArthur àti Wilson, ilẹ̀ ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kì í ṣófo láé, ibẹ̀ ni àlejò ti ń wá. Lọ́dọ̀ Levins, kò sí ilẹ̀ ńlá. Kò sí ojúlé tí iná rẹ̀ kì í kú. Ẹni tó bá gbọ́ erékùṣù, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀ láti ibì kan. Mo sọ èyí fún akẹgbẹ́ mi, ó ní mò ń wá ìjà níbi tí kò sí. Mo ní kó lọ wo Åland, tó kúkú jẹ́ erékùṣù lóòótọ́.

Àárín Fínláǹdì àti Swídìnì ni àwọn erékùṣù Åland wà. Ibẹ̀ ni Ilkka Hanski, ọmọ Fínláǹdì tó kú ní 2016, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ ipasẹ̀ labalábá kan tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ń jẹ́ Melitaea cinxia. Pápá koríko gbígbẹ tí labalábá yìí lè gbé níbẹ̀ tó nǹkan bí 4,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ju ilẹ̀ kékeré lọ. Láti 1993, lọ́dọọdún, kí òtútù tó mú, àwọn olùwádìí a máa rin pápá wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa ṣí ewé wò, wọ́n ń wá ìtẹ́ tí àwọn ìdin fi òwú ẹnu wọn hun láti fara pamọ́ sí títí òtútù yóò fi lọ. Pápá tí wọ́n ti ń rí ìtẹ́ kì í ju díẹ̀ lọ nínú gbogbo wọn, ọgọ́rùn-ún bíi mélòó kan. Ìyókù ṣófo. Tó bá di ọdún kejì, àwọn kan tó ní ìtẹ́ tẹ́lẹ̀ á ti dòfo, àwọn kan tó ti dòfo á ti ní. Kò sí ilẹ̀ ńlá kankan níbẹ̀ tó ń pín labalábá fún wọn. Lára wọn ni wọ́n ti ń bu iná.

Ní Åland kan náà, ní 1998, Hanski àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn agbo tí ìbátan ti ń gun ìbátan ló ń tètè kú. Nítorí náà, àpáàdì kò wà fún ààrò tó ti kú nìkan. Ẹyín iná tuntun a máa gba èyí tó ti ń kú lọ là.

Nígbà tó di ìgbà ooru 2018, ọ̀dá mú ibẹ̀. Ewé tí àwọn ìdin ń jẹ gbẹ káàkiri, ìtẹ́ dín kù gidigidi, kò sì yan pápá kan ju òmíràn lọ. Òjò ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ lókè. Oòrùn ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbí. Ohun tí Levins sì ti sọ fún àwọn àgbẹ̀ nìyẹn láti 1969: bí ẹ bá fẹ́ ṣẹ́gun kòkòrò, ẹ kọ lù ú níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má ṣe é lójúlé lójúlé.

Agboolé tún lè kéré jù. Lórí Jasper Ridge, ilẹ̀ ààbò tí Yunifásítì Stanford ní ní Kalifọ́níà, Paul Ehrlich bẹ̀rẹ̀ sí í ka labalábá kan ní 1960. Agbo mẹ́ta ló bá níbẹ̀. Ọ̀kan kú ní 1964, ó padà ní 1966, ó tún kú ní 1974, kò sì padà mọ́. Nígbà tó fi di 1998, àwọn méjì yòókù náà ti lọ. Ẹnikẹ́ni ò kọ́lé sórí ilẹ̀ náà. Ààrò mẹ́ta ló kàn wà, ó sì ṣẹlẹ̀ pé kò sí èyí tó ń jó nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn kú.

Wọ́n ti bi mí pé ṣé agboolé kì í ṣe ti ènìyàn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ “iye ènìyàn labalábá” lẹ ń bi mí ní ìyẹn? Oyin nílé, ìgbín nílé. Wọ́n ní nínú agboolé, ilé a máa fara kanra, ti labalábá ò fara kanra. Òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹ́ apá ló ń wọn ọ̀nà níbẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ wa: kìlómítà kan ò ju ìta gbangba lọ fún labalábá tí atẹ́gùn bá dára. Ẹnì kan dábàá “ẹbí”, ṣùgbọ́n ẹbí lè wà nínú yàrá kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn ní “àjọgbé”, bẹ́ẹ̀ ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wáyé gan-an ni pé wọn ò jọ gbé. Àwọn ìwé ńlá ń pín agboolé sí oríṣiríṣi, èyí tó ní ojúlé ńlá àti èyí tí kò ní, èyí tó dúró àti èyí tó ń wó lọ. N kò ní dá yín dúró síbẹ̀.

Ẹ̀tọ́ ẹni la máa ń fún un, ṣá. Àwọn tó túmọ̀ corridor sí “ọ̀dẹ̀dẹ̀”, ìyẹn ọ̀nà tí a fi igbó sílẹ̀ fún kí ẹranko lè ti ilẹ̀ kan dé òmíràn, inú ìwé atúmọ̀ èdè ni wọ́n ti ṣí i jáde láìrò ó. Ó sì bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Níbo ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa wà bí kò ṣe ní agboolé?

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún ni ojúlé tó ṣófo. Mo lo “ahoro” fún ọdún kan, mo sì jáwọ́. Ahoro ti wó, kò sí ẹni tó ń retí iná níbẹ̀ mọ́. Bí àwọn tó ń wá ilẹ̀ ìkọ́lé bá sì rí “ahoro” nínú ìwé tiwa, àwa la fún wọn láṣẹ. “Òfìfo” kò sọ pé ẹnikẹ́ni lè padà síbẹ̀. Akẹgbẹ́ mi elérékùṣù ní kí n kúkú pè é ní “ààrò tútù”, ó fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ni. Mo ti ń lò ó láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mi ò tíì sọ fún un.