Sàíkọ́lọ́jì

Sàíkọ́lọ́jì ni ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì tó ń ṣèwádìí èrò, ìmọ̀lára àti ìhùwàsí. Èrò inú kò ṣeé fojú rí, kò sì ṣeé gbé sórí òṣùwọ̀n. Ìwà, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìyípadà inú ara ló hàn síta, látinú ìwọ̀nyí sì ni àwọn onímọ̀ ti ń fa òye yọ. Láti ayébáyé ni àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ọdún 1879, tí Wilhelm Wundt dá yàrá ìwádìí sílẹ̀ ní Yunifásítì Leipzig ní Jámánì, ni wọ́n sábà máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí sáyẹ́ǹsì tó dá dúró.

Ọ̀nà ìwádìí

Àwọn kan máa ń ṣọ́ ìhùwàsí níbi tó ti ń wáyé, àwọn mìíràn máa ń fi ìbéèrè wá ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lè fi hàn pé ohun méjì jọ ń rìn, kò lè sọ èyí tó fa èkejì. Àwọn tí kì í rí oorun sùn dáadáa sábà máa ń ṣàníyàn; ó lè jẹ́ àìsùn ló fa àníyàn, ó lè jẹ́ àníyàn ló lé oorun lọ, nǹkan mìíràn sì lè wà nídìí méjèèjì. Kí wọ́n tó lè mọ̀, wọ́n ní láti ṣẹ́ kèké pín àwọn èèyàn sí ọ̀wọ́ méjì, kí wọ́n yí ohun kan ṣoṣo padà fún ọ̀wọ́ kan.

Ewu mìíràn ni ti olùwádìí fúnra rẹ̀. Ní Berlin, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹṣin kan tó ń jẹ́ Hans máa ń fi pátákò lu ilẹ̀ láti dáhùn ìṣirò, ó sì sábà máa ń gbà á. Onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì kan, Oskar Pfungst, wá ṣètò kí ẹni tó ń béèrè má mọ ìdáhùn. Hans kò rí i gbà mọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tí iye pátákò bá ti pé, olùbéèrè máa ń gbé orí díẹ̀ láìmọ̀, ẹṣin á sì dáwọ́ dúró. Kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà le. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọ̀wọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà pamọ́ fún ẹni tó ń ṣàkọsílẹ̀ èsì. Dandan ni pẹ̀lú kí àwọn tí wọ́n ń fi ṣèwádìí yọ̀ǹda ara wọn, kí wọ́n sì lè kúrò nígbà tó bá wù wọ́n.

Ètò iṣan ìmọ̀lára

Ọpọlọ àti okùn iṣan tó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá ni olú ètò iṣan ìmọ̀lára, tó ń gbé ìsọfúnni káàkiri ara. Àwọn iṣan tó tàn ká gbogbo ara ló ń bá wọn jíṣẹ́. Apá kan ń dá ṣiṣẹ́ láìdúró de àṣẹ: bí ewu bá yọjú, àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á làágùn, ẹnu á gbẹ.

Nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára ló wà nínú ọpọlọ. Iná mànàmáná ló ń gbé ìsọfúnni gba inú sẹ́ẹ̀lì, àmọ́ àlàfo tín-ín-rín wà láàárín ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ní 1921, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Otto Loewi, fi ọkàn àkèré méjì tó ṣì ń lù sínú omi oníyọ̀. Ó fi iná ta iṣan ti àkọ́kọ́, ọkàn náà sì dẹwọ́. Ó bu omi tí ọkàn àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ sórí èkejì. Òun náà dẹwọ́, láìsí iná kankan. Kẹ́míkà ló jíṣẹ́ náà. Irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ ni dopamine àti serotonin, tí ọ̀pọ̀ oògùn ìsoríkọ́ ń ṣiṣẹ́ lé lórí.

Àhesọ pé ìdá 10 nínú 100 ọpọlọ lèèyàn ń lò kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọgbẹ́ níbi kékeré lè ba nǹkan ńlá jẹ́. Ní 1861, dókítà Paul Broca ṣàyẹ̀wò ọpọlọ ọkùnrin kan tó kú nítòsí Paris, tó jẹ́ pé “tan” nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó tilẹ̀ ń gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Iwájú ọpọlọ lápá òsì ni ọgbẹ́ náà wà. Lóde òní, ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, lè fi irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn nígbà tí aláìsàn ṣì wà láàyè.