Ṣé inú fíìmù ni ọdún àwọn òkú Mẹ́síkò ti jáde? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Fídíò àwọn tó kun ojú bí agbárí, tí wọ́n ń jó gba ìgboro Mexico City kọjá, ti tún gba orí fóònù kan. Àríyànjiyàn ló tẹ̀lé e. Àwọn kan ní ọdún náà ti wà kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Àwọn kan ní fíìmù James Bond ló bí i.

Ta ló ń purọ́?

Kò sí. Nǹkan méjì ni wọ́n ń fi orúkọ kan pè. Día de Muertos, ìyẹn Ọjọ́ Àwọn Òkú, ti pẹ́: ìrántí òkú tí àwọn onílẹ̀ ń ṣe látijọ́ ló wọnú ọdún ìjọ Kátólíìkì tí àwọn ará Sípéènì gbé dé. Ìdí nìyẹn tó fi bọ́ sí ọjọ́ 1 àti 2 oṣù kọkànlá.

Ìwọ́de ńlá tẹ́ ẹ rí nínú fídíò yẹn ló jẹ́ tuntun. Fíìmù James Bond tí wọ́n pè ní Spectre, tó jáde lọ́dún 2015, fi irú ìwọ́de bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Kò sí i rí nílùú náà. Wọ́n mọ̀ pé àlejò á máa wá a kiri, ni wọ́n bá ṣe é lóòótọ́ lọ́dún 2016. Bóyá ó rọrùn ju kí wọ́n máa ṣàlàyé lọ.

Níbo wá ni ojúlówó rẹ̀ wà?

Nínú ilé àti ní itẹ́ òkú. Wọ́n gbà pé àwọn òkú máa ń wá kí ilé: àwọn ọmọdé lọ́jọ́ kìíní, àgbàlagbà lọ́jọ́ kejì. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á tẹ́ tábìlì tí wọ́n ń pè ní ofrenda. Fọ́tò olóògbé á wà níbẹ̀, àti àbẹ́là, iyọ̀, búrẹ́dì, àti omi, nítorí òǹgbẹ á ti gbẹ ẹni tó rìn jìnnà. Ẹni tó fẹ́ràn ọtí nígbà ayé rẹ̀ á bá ọtí níbẹ̀. Òdòdó cempasúchil, tó pọ́n bí ọsàn, ni wọ́n ń já sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì, kí òkú má baà ṣìnà.

Lálẹ́, wọ́n á lọ jókòó ti sàréè. Ní erékùṣù Janitzio, lórí adágún Pátzcuaro, àwọn ẹ̀yà Purépecha máa ń tan àbẹ́là síbẹ̀ mọ́jú. Ẹkún wà, ẹ̀rín náà wà. Àwọn mìíràn á tiẹ̀ háyà olórin.

Ṣé awo ni agbárí yẹn?

Rárá o. La Catrina ni ọ̀pọ̀ wọn ń fara wé: obìnrin eegun tó dé àkẹtẹ̀ ńlá, àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni. José Guadalupe Posada, ayàwòrán ará Mẹ́síkò, ló yà á ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1913, láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn tó ń ṣe bí òyìnbó. Orí nìkan ló yà. Ayàwòrán mìíràn, Diego Rivera, ló fún un ní ara àti aṣọ lọ́dún 1947.

Ṣé bí egúngún tiwa ni?

Òkú ń wá kí ọmọ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ará ọ̀run ni egúngún. Ẹni tó kun ojú ní Mẹ́síkò kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni tó jí dìde. Ẹ bi í ní orúkọ, á dá yín lóhùn.

Ṣé Halloween ni?

Rárá.

Ibo ni kí n lọ?

Tó bá jẹ́ ìwọ́de lẹ fẹ́, olú ìlú ni. Tó bá jẹ́ òru sàréè, ẹ lọ sí ìlú Oaxaca tàbí àdúgbò Mixquic. Ẹ tètè gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì ní oṣù mélòó kan ṣáájú, kẹ́ ẹ sì mú aṣọ òtútù: ilẹ̀ Mexico City fi ohun tó lé ní 2,200 mítà ga ju òkun lọ, òru ibẹ̀ kì í ṣe eré.

Ṣé mo lè ya fọ́tò?

Ẹ tọrọ àyè ná. Ìdílé kan ló ń bá òkú wọn sọ̀rọ̀ yẹn.

Ṣé kí n bẹ̀rù?

Kì í ṣe òkú lẹ máa bẹ̀rù. Ìpínlẹ̀ Michoacán, tí Pátzcuaro wà, ní wàhálà àwọn ọ̀daràn. Lọ́jọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n yìnbọn pa olórí ìlú Uruapan níbẹ̀, láàárín ọdún àwọn òkú gan-an. Èmi ò ní fi ibẹ̀ ṣe ìrìn àjò àkọ́kọ́.

Onígbàgbọ́ ni mí ńkọ́?

Kátólíìkì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é, Máàsì sì wà nínú rẹ̀. Tí ọkàn yín ò bá gba itẹ́ òkú, ẹ ra pan de muerto jẹ. Búrẹ́dì dídùn ni, wọ́n kàn fi ìyẹ̀fun mọ eegun sórí rẹ̀, ilé búrẹ́dì sì ti máa ń tà á kí ọjọ́ náà tó pé.