Bí Òtítọ́ Ìtàn Ṣe Di Ọ̀ràn Nínú Eré Ààfin Ilẹ̀ Kòríà

Ní Gúúsù Kòríà, eré ìtàn tí wọ́n ń pè ní sageuk kì í parí sójú amóhùnmáwòrán. Bí wọ́n bá gbé ìpín kan jáde lálẹ́ òní, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ ni àwọn òǹwòran yóò ti máa béèrè bóyá irú ìhámọ́ra tí balógun wọ̀ wà nígbà ayé rẹ̀, bóyá ọba tí wọ́n fi hàn bí òǹrorò rorò lóòótọ́, àti bóyá olorì tí ó ń dìtẹ̀ nínú eré tilẹ̀ gbé ayé rí. Àṣà yìí kò bá eré náà wáyé. Ó tó ogún ọdún tí eré ìtàn ti wà lórí amóhùnmáwòrán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìtàn wọ̀n ọ́n ní gbangba, orí ìjọba Joseon, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lọ́pọ̀ yanturu, ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò di ìjà orílẹ̀-èdè àfi ìgbà tí àwọn eléré kọjú sí àwọn ìjọba àtijọ́, Goguryeo, Baekje àti Silla, níbi tí àkọsílẹ̀ kò ti tó nǹkan.

Ọjọ́ tí ọdún 1961 parí ni ilé-iṣẹ́ KBS bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán sáfẹ́fẹ́ ní Seoul. Kò pẹ́ sí i ni olùdarí eré kan, Kim Jae-hyeong, gbé Gukto Manri jáde, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ kà sí eré ìtàn àkọ́kọ́ lórí amóhùnmáwòrán wọn. Ìgbà Goguryeo ni eré náà dá lé. Ìtàn akọni àti ìtàn ìfẹ́, irú èyí tí wọ́n ti ń gbọ́ lórí rédíò tí wọ́n sì ń wò ní sinimá, ni àwọn ènìyàn ń retí nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó ń bi eléré léèrè ìwé tí ó kà kí ó tó rán aṣọ.

Lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, amóhùnmáwòrán fẹ́rẹ̀ẹ́ kẹ̀yìn sí àwọn ìjọba àtijọ́ pátápátá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì dojú kọ ìjọba Joseon tí ó wà láti 1392 sí 1897. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí: àwọn ààfin Joseon ṣì wà láàárín Seoul, aṣọ ìgbà náà ṣì wà lọ́rùn àwọn àgbà, ìtàn ìlara àwọn ìyàwó ọba kò sì náni lówó bí ogun ẹlẹ́ṣin. Jang Hui-bin, ìyàwó ọba Sukjong tí ó gorí ipò ayaba, tí wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, tí wọ́n sì fún ní májèlé mu ní 1701, ni wọ́n lò jù. Òṣèré Youn Yuh-jung ṣe é fún MBC, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán mìíràn, ní 1971, àwọn mìíràn sì ń ṣe é láti ọdún dé ọdún, òṣèré tuntun, májèlé kan náà. Ìjọba Park Chung-hee, ààrẹ ìgbà náà, ní tirẹ̀ ń fẹ́ eré akọni tí yóò kọ́ aráàlú ní ìfẹ́ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n òtítọ́ ìtàn kọ́ ni ìyẹn náà ń wá.

Ìyípadà dé ní 1983. Ní ọdún náà ni MBC bẹ̀rẹ̀ eré kan tí ó pinnu láti sọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún ìjọba Joseon láti orí ọba kan dé òmíràn. Shin Bong-seung ni ó kọ ọ́, Lee Byung-hoon ni ó darí rẹ̀, ó sì gbà wọ́n títí di 1990. Ohun tí Shin fi ṣe òpó ilé rẹ̀ ni Sillok, àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn ọba Joseon, tí ó kó ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 472 jọ, láti 1392 sí 1863, sínú ìdìpọ̀ ìwé 888.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ìwé yìí, nítorí òun ni ó bí gbogbo àríyànjiyàn tí ó tẹ̀ lé e. Níbikíbi tí ọba bá ti ń bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀, àwọn akọ̀wé ìtàn máa ń jókòó tì wọ́n, wọn a sì máa kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ọba tí ó wà lórí oyè kò ní àṣẹ láti ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀; ó di ìgbà tí ó bá wàjà kí wọ́n tó to ìwé ìgbà tirẹ̀ jọ. Ní 1404, ọba Taejong lọ ṣọdẹ, ó ń lé àgbọ̀nrín lórí ẹṣin, ó sì ṣubú. Bí ó ti dìde, ó wò yí ká, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí akọ̀wé ìtàn gbọ́. Akọ̀wé gbọ́. Ó kọ ìṣubú náà sílẹ̀, ó sì kọ ìkìlọ̀ ọba mọ́ ọn. Arókin tiwa ní ààfin Ọ̀yọ́ ń fi orí tọ́jú ìtàn, ó sì ń kì í sí etígbọ̀ọ́ ọba. Àwọn ti Joseon kì í jẹ́ kí ọba fojú kan tiwọn.

Nígbà tí eré ti fara ti irú ìwé báyìí, òǹwòran náà mọ̀ pé ohun kan wà nílẹ̀ tí òun lè fi eré wé. Síbẹ̀, àmì-ìkọ̀wé Ṣáínà àtijọ́ ni wọ́n fi kọ Sillok, ìwọ̀nba ọ̀mọ̀wé ni ó sì lè kà á. Ní 1993 ni wọ́n parí títúmọ̀ rẹ̀ sí èdè Kòríà òde òní ní Gúúsù; ní 1995 ó wọ orí CD fún kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé odindi rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga lè jókòó sílé kí ó sì mú eré nírọ́. Ní tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tí àwọn olùdarí eré fúnra wọn ṣe lọ. Ó tún jẹ́ kí àwọn ènìyàn rí bí eré ṣe ń fi òwú tínrín hun aṣọ ńlá. Dae Jang Geum, tí Lee Byung-hoon kan náà darí ní 2003, gba ìpín 54 lórí oníṣègùn obìnrin kan tí ìwé dárúkọ rẹ̀ ní ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀. Ní 1544, nígbà tí àìsàn ọba Jungjong le, ọba náà dá àwọn ìjòyè lóhùn pé oníṣègùn obìnrin mọ ohun tí ń ṣe òun. Gbólóhùn yẹn wà lákọsílẹ̀. Ọ̀tá, ìfẹ́ àti ìjà ilé ìdáná tí a rí nínú eré, àròsọ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ní ọdún 2000 ni KBS ṣílẹ̀kùn padà sí ìgbà tí ó jìn ju Joseon lọ, pẹ̀lú Taejo Wang Geon, eré ìpín 200 lórí bí Silla ṣe ń tú ká tí Goryeo sì dìde ní 918. Ààfin Goryeo ti di àlàpà, Àríwá Kòríà sì ni àlàpà náà wà, nítorí náà wọ́n kọ́ ìlú eré kan sí Mungyeong láàárín òkè. Àwọn ará Mungyeong rí i pé àlejò ń ya wá wo ibẹ̀, àwọn ìlú mìíràn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ìlú kọ́ irú rẹ̀. Nígbà tí ó di 2008, wọ́n wó ilé Goryeo ti Mungyeong, wọ́n sì kọ́ ti Joseon rọ́pò rẹ̀, nítorí pé eré Joseon ni ó ń wá lò ó jù.

Bí a bá tún kọjá Goryeo sẹ́yìn, ilẹ̀ á máa yọ̀. Ìwé ìtàn tí ó pẹ́ jù lọ nínú èyí tí ó ṣẹ́ kù ní Kòríà lórí àwọn ìjọba mẹ́ta náà ni Samguk Sagi, tí Kim Bu-sik parí ní 1145. Baekje sì ti ṣubú ní 660, Goguryeo ní 668. Kim Bu-sik fúnra rẹ̀ wá láti ìdílé Gyeongju, olú ìlú Silla àtijọ́, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì gbà pé ó gbè sẹ́yìn Silla. Samguk Yusa, tí àlùfáà Búdà kan, Iryeon, ṣe àkójọ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1200, dùn ún kà ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n àlọ́ àti iṣẹ́ ìyanu ló kún inú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìwé, òkúta ńlá tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 414 fún ọba Gwanggaeto wà, ilẹ̀ Ṣáínà ni ó sì wà lónìí.

Àwòrán ara ògiri ibojì ni ó ran àwọn aránṣọ eré lọ́wọ́ jù. Nínú ibojì Goguryeo kan tí wọ́n ń pè ní Anak Kẹta, tí ọdún 357 wà lára ògiri rẹ̀, wọ́n ya ilé ìdáná: obìnrin kan dúró ti ìkòkò ńlá lórí ààrò, òmíràn ń koná, nínú yàrá tí ó tẹ̀ lé e odidi ẹran rọ̀ sórí ìkọ́. Ní apá mìíràn, ọ̀wọ́ ọmọ ogun ń lọ, ìhámọ́ra sì bo àwọn ẹlẹ́ṣin wọn tẹṣin-tẹṣin. Àwòrán wọ̀nyí ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, àmọ́ fún ọdún 357. Ẹni tí ó bá fi wọ́n rán aṣọ fún Jumong, tí ìwé sọ pé ó dá Goguryeo sílẹ̀ ní ọdún 37 ṣáájú ìbí Jésù, ti fi nǹkan bí irinwó ọdún ṣàṣìṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí ó dára jù ú lọ tí ó lè lò.

Bóyá ọ̀rọ̀ ìbá mọ síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti Ṣáínà. Ní 2002, àjọ ìwádìí ìjọba Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lórí ìtàn àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ wọn, nínú èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ti kọ ọ́ pé ìjọba ẹ̀yà kékeré lábẹ́ Ṣáínà ni Goguryeo. Ní 2004, UNESCO fi àwọn ibojì Goguryeo tí ó wà ní Àríwá Kòríà àti èyí tí ó wà ní Ṣáínà sínú àkójọ ogún àgbáyé ní ọdún kan náà. Inú bí àwọn ará Gúúsù gan-an. Ní 2006, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé eré jáde tẹ̀léra: Jumong láti MBC, Yeon Gaesomun láti SBS, Dae Jo-yeong láti KBS, gbogbo wọn lórí akọni Goguryeo tàbí arọ́pò rẹ̀.

Jumong ni ó gbajúmọ̀ jù, òun náà ni ó sì yẹ kí a fi wé ìwé. Samguk Sagi sọ pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn tẹ̀ lé Yuhwa, ìyá Jumong, ọmọ òrìṣà odò, ó sì bí ẹyin kan; wọ́n sọ ẹyin náà fún ajá àti ẹlẹ́dẹ̀, wọn kò jẹ ẹ́, àwọn ẹyẹ sì fi ìyẹ́ bò ó; ìgbà tí wọ́n dá a padà fún ìyá rẹ̀ ni ọmọ jáde. Eré yọ ẹyin kúrò, ó sì fi jagunjagun kan, Haemosu, ṣe bàbá ọmọ náà. N kò rí àléébù nínú ìyẹn. Ohun tí ó wúwo jù ni ti ọ̀tá. Ọ̀tá tí ìwé dárúkọ ni àwọn ọmọ ọba Buyeo, ìjọba tí Jumong ti dàgbà, tí wọ́n ń jowú Jumong tí wọ́n sì fẹ́ pa á. Ọ̀tá tí eré gbé síwájú ni ìjọba Han ti Ṣáínà, tí ó ṣẹ́gun Gojoseon, ìjọba tí àwọn ará Kòríà kà sí àkọ́kọ́ wọn, ní ọdún 108 ṣáájú ìbí Jésù, tí Jumong sì wá di olùgbẹ̀san fún àwọn ènìyàn náà. Ìjà ọdún 2006 ni wọ́n fi wọ akọni àtijọ́ láṣọ. Àwọn òpìtàn kan wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò ròkè láàárín ariwo. Ní Ìránì, níbi tí ọ̀rọ̀ Ṣáínà kò ti kan ẹnikẹ́ni, eré náà gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òṣèré rẹ̀, Song Il-gook, fi lọ kí àwọn ará Tehran ní 2009.

Ní ọdún 2009 yẹn kan náà, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀. Ní 2005, SBS ti ṣe Seodongyo, lórí ìtàn Samguk Yusa pé ọba Mu ti Baekje fẹ́ Seonhwa, ọmọ ọba Silla, àti pé nítorí obìnrin náà ni wọ́n ṣe kọ́ tẹ́ńpìlì Mireuksa. Ní oṣù kìíní 2009, àwọn tí ń tún ilé gogoro olókùúta tẹ́ńpìlì náà ṣe rí àwo wúrà kan nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé ayaba, ọmọ ìjòyè Baekje kan tí ń jẹ́ Sataek Jeokdeok, ni ó ṣe ọrẹ náà ní 639. Kò dárúkọ Seonhwa. Àwọn kan ní bóyá ọba ní ju ayaba kan lọ; ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n eré tí ó tẹ̀ lé ìwé àtijọ́ láìyẹsẹ̀ lórí kókó yìí ni àwo wúrà já sí irọ́, nígbà tí MBC, ní ọdún kan náà, ń gba ìyìn fún Queen Seondeok, tí ẹni tí ó lágbára jù nínú rẹ̀, Mishil, kò sí nínú Samguk Sagi tàbí Samguk Yusa rárá. Inú ìwé àfọwọ́kọ kan tí wọ́n gbé jáde ní 1989, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jà lé lórí bóyá ayédèrú ni, ni wọ́n ti mú un.

Ìbínú tí ó ti orí Goguryeo bẹ̀rẹ̀ padà wá sórí Joseon. Ní oṣù kẹta 2021, SBS fòpin sí Joseon Exorcist lẹ́yìn ìpín méjì péré, nítorí pé oúnjẹ àti àwọn ohun èlò Ṣáínà wà nínú rẹ̀, tí ọba Taejong sì ń pa aráàlú bí aṣiwèrè. Àwọn olùpolówó ọjà ti sá lọ kí SBS tó pinnu. Ọ̀pọ̀ eré ń fi àkíyèsí síwájú báyìí pé àròsọ ni wọ́n. Kim Young-hyun àti Park Sang-yeon, àwọn méjì tí wọ́n kọ Queen Seondeok, ti lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní 2019: nínú Arthdal Chronicles, wọ́n dá ilẹ̀ tiwọn sílẹ̀, wọ́n fún un ní orúkọ tí kò sí nínú ìwé ìtàn kankan, wọ́n sì gbé e sí ìgbà tí ìwé kò tíì sí. Àwọn òǹwòran ṣì ń wá Gojoseon nínú rẹ̀.